Wilhelm Röntgen: Ẹni Tí Ó Rí Egungun, Tí Ó Sì Jẹ́wọ́ Ohun Tí Kò Rí

 A kò rò pé ẹnì kan wà nínú yín tí kò tíì gbọ́ orúkọ X-ray rí. Bí ọmọdé bá já láti orí igi máńgòrò tí apá rẹ̀ sì kán, bí ikọ́ bá ń ṣe àgbàlagbà láti oṣù dé oṣù, ohun tí dókítà sábà máa ń sọ ni pé kí wọ́n lọ ya X-ray wá. Ṣùgbọ́n bí a bá bi èèyàn mẹ́wàá léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ìtànṣán náà, agbára káká ni a ó fi rí méjì tí yóò dáhùn. Àwọn tí ó tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ohun tí ó rí ni wọ́n mọ̀. Ohun tí ó wá tì, tí ó sì fi òtítọ́ inú kọ sílẹ̀ pé òun kò rí, díẹ̀ ni àwọn tí ó gbọ́ nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni láti ibi tí ó wá tì yẹn ni àwọn onímọ̀ òde òní ti la ọ̀nà tí wọ́n fi ń wo ẹran ara àti iṣan ẹ̀jẹ̀, àwọn ohun rírọ̀ tí X-ray àtijọ́ kò lè fi hàn dáadáa. Ìtàn ọkùnrin náà ni a gbé wá fún yín lóṣù yìí.

ÌBÍ ÀTI ÈWE RẸ̀

Wilhelm Conrad Röntgen ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1845 ni wọ́n bí i ní ìlú Lennep, ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Jámánì. Oníṣòwò aṣọ ni bàbá rẹ̀, òun nìkan ṣoṣo sì ni àwọn òbí rẹ̀ bí. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ́n kó lọ sí ìlú Apeldoorn ní ilẹ̀ Họ́láńdì, ibẹ̀ ni ó sì dàgbà sí. Kì í ṣe ọmọ tí àwọn olùkọ́ ń tọ́ka sí pé yóò di ẹni ńlá. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé ó fẹ́ràn láti máa rìn nínú igbó àti pápá, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nínú ṣíṣe oríṣiríṣi ẹ̀rọ kéékèèké.

Nígbà tí ó di ọ̀dọ́langba, wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìlú Utrecht. Ibẹ̀ ni àdánwò kìíní ti bá a. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ya àwòrán olùkọ́ kan láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn aláṣẹ fẹ́ mọ ẹni tí ó yà á, wọ́n sì mú Röntgen. Òun kọ́ ni ó yà á, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó yà á. Wọ́n ní kí ó dárúkọ ẹni náà, ó kọ̀, kò tú ọ̀rẹ́ rẹ̀ fó. Bí wọ́n ṣe lé e kúrò nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn, láìní ìwé ẹ̀rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó dúró de èsì ìdánwò rí, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ní ilẹ̀ wọn nígbà náà, ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí pé ó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíráámà, ilẹ̀kùn yunifásítì ti tì mọ́ ọn. Röntgen lọ ń jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì Utrecht, ṣùgbọ́n wọn kò lè kà á mọ́ ojúlówó akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìlú Zürich, ní ilẹ̀ Siwisálándì, lè gba ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí yẹn. Ó lọ síbẹ̀ lọ́dún 1865. Lọ́dún 1868 ó gba ìwé ẹ̀rí onímọ̀ ẹ̀rọ, nígbà tí ó sì di ọdún 1869 ó ti gba oyè dókítà ní yunifásítì Zürich.

Ní Zürich kan náà ni ó ti pàdé Anna Bertha Ludwig, ọmọ ẹni tí ó ní ilé oúnjẹ. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó lọ́dún 1872. Wọn kò bímọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá wọ́n gba ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Bertha lọ́kùnrin, wọ́n sì tọ́ ọ bí ọmọ tiwọn.

ÌWÉ Ẹ̀RÍ TÚN DÈNÀ DÈ É

Ní Zürich, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ August Kundt rí i pé ọwọ́ ọmọkùnrin yìí dára nínú ìwádìí, ó sì sọ ọ́ di olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1870 Kundt lọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Würzburg ní Jámánì, ó sì mú un dání. Röntgen bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun láǹfààní láti máa kọ́ni níbẹ̀. Wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọ́n ní kò ní ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gíráámà, wọ́n sì kọ̀ fún un, pẹ̀lú oyè dókítà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò jà, kò sì padà sẹ́yìn. Ó bá olùkọ́ rẹ̀ lọ sí Strasbourg, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti gbà á láàyè láti máa kọ́ni lọ́dún 1874. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Hohenheim, lẹ́yìn náà ní Giessen. Nígbà tí ó di ọdún 1888, Würzburg tí ó ti kọ̀ ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pè é pé kí ó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà ìmọ̀ físíìsì. Lọ́dún 1894 wọ́n fi í ṣe olórí yunifásítì náà. Òkúta tí àwọn ọ̀mọ̀lé kọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n wá padà fi ṣe òpó ilé.

ALẸ́ ỌJỌ́ JÍMỌ̀ KAN

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895, Röntgen dá wà nínú yàrá ìwádìí rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Ohun tí ó ń lò ni ìgò gígùn kan tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì ń rán iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ti fi páálí dúdú bo ìgò náà yíká kí ìmọ́lẹ̀ kankan má baà jáde, ó sì ti pa gbogbo iná yàrá. Bí ó ṣe tan iná sí ìgò náà, ó rí i pé pátákó kan tí wọ́n fi kẹ́míkà kùn, tí ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí ìgò, ń tàn yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó pa iná, pátákó ṣókùnkùn. Ó tún tan án, pátákó tún tàn. Ó gbé pátákó jìnnà tó mítà méjì, síbẹ̀ ó ń tàn. Ohun kan tí ojú kò rí ń jáde láti inú ìgò náà, ó sì ń la páálí kọjá.

Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni ó fi há ara rẹ̀ mọ́ inú yàrá ìwádìí, tí ó ń jẹun níbẹ̀, tí ó sì ń sùn níbẹ̀. Ó fi ìwé tí ojú ewé rẹ̀ tó 1000 dí ìtànṣán náà lọ́nà, ìtànṣán là á kọjá. Ó fi pákó dí i, ó là á kọjá. Òjé ni ó wá dá a dúró, kódà bí kò nípọn. Nígbà tí ó na ọwọ́ ara rẹ̀ sí ààrin ìgò àti pátákó, ó rí òjìji egungun ọwọ́ rẹ̀ bí ó ṣe wà láàyè. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ó pe ìyàwó rẹ̀, ó ní kí ó gbé ọwọ́ lé orí gíláàsì fọ́tò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Nígbà tí wọ́n fọ fọ́tò náà, egungun ìka Bertha hàn kedere, òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ sì dúdú lórí ọ̀kan nínú wọn.

Ní ọjọ́ 28 oṣù náà ni ó gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Würzburg. Ó pè é ní ìtànṣán X, nítorí pé X ni àwọn onímọ̀ ìṣirò máa ń fi dúró fún ohun tí a kò tíì mọ̀. Kí oṣù kìíní ọdún 1896 tó parí, ìròyìn ti tàn káàkiri ayé. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà ó ṣàlàyé ní gbangba, ó ya ọwọ́ arúgbó ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Kölliker lójú gbogbo èèyàn. Kölliker dá a lábàá pé kí wọ́n máa fi orúkọ Röntgen pe ìtànṣán náà. Röntgen fúnra rẹ̀ kò yéé pè é ní X.

OHUN TÍ KÒ RÍ

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Bí ẹ bá ti igi bọ inú korobá omi, ẹ ó rí i bí ẹni pé igi náà ṣẹ́ níbi tí omi dé. Igi kò ṣẹ́ o, ìmọ́lẹ̀ ni ó tẹ̀ nígbà tí ó ti inú omi bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ibn al-Haytham ti ṣèwádìí ìtẹ̀sí ìmọ́lẹ̀ yìí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ó sì kọ ọ́ sínú Kitābul-Manāẓir. Ìtẹ̀sí yìí ni ó jẹ́ kí jígí ojú ran àwọn bàbá wa lọ́wọ́ láti kàwé.

Röntgen bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé ìtànṣán X náà máa ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ó ṣe prism, ìyẹn ohun onígun mẹ́ta tí wọ́n fi ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Ó fi omi ṣe é, ó fi kẹ́míkà olómi mìíràn ṣe é, ó fi rọ́bà líle àti alumíníọ̀mù ṣe é. Ti àwọn olómi kò fi ìtẹ̀sí kankan hàn. Ti rọ́bà àti alumíníọ̀mù mú kí ó fura díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá a lójú. Ó gbìyànjú lẹ́ǹsì, kò kó ìtànṣán náà jọ sójú kan. Ó wá àmì pé ìgbì ni ìtànṣán náà bí ìmọ́lẹ̀ ṣe jẹ́ ìgbì, kò rí i.

Ẹni mìíràn ìbá ti fo ibẹ̀ dá. Ohun ìyanu tí ó ti rí tó láti sọ ọ́ di olókìkí. Ṣùgbọ́n Röntgen kọ ọ́ sínú àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ pé òun wá ìtẹ̀sí, òun kò rí èyí tí ó dá òun lójú, àti pé bí ó bá wà, ó gbọ́dọ̀ kéré gan-an ni. Ó tún kọ ọ́ pé òun wá àmì ìgbì, òun kò rí i, bóyá nítorí pé ìtànṣán tí òun ní kò lágbára tó. Kò pa irọ́ pé ó wà, kò sì búra pé kò sí.

Kí ni èyí kan ẹni tí ara ń ni? Ó kàn án púpọ̀. Egungun hàn nínú X-ray nítorí kálísíọ̀mù inú rẹ̀ tí ń dá ìtànṣán dúró. Ẹran ara, ọ̀rá, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀, gbogbo wọn ni ìtànṣán ń là kọjá ní ìwọ̀n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, wọ́n á sì dà pọ̀ mọ́ra lójú fọ́tò bí eérú. Nínú oṣù kìíní ọdún 1896 náà ni Haschek àti Lindenthal ní ìlú Vienna ti gbìyànjú láti wo iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ òkú ni wọ́n lò. Wọ́n po ẹfun mọ́ èròjà mẹ́kúrì àti epo, wọ́n rọ ọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ náà, ó sì gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú 57 kí wọ́n tó rí fọ́tò rẹ̀ yà. Iṣan náà hàn bí gbòǹgbò igi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú alààyè? Títí di òní, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi X-ray wo iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, oògùn tí ó ní áyódíìnì ni wọ́n sábà máa ń gún sí i lára kí iṣan lè hàn, ara àwọn mìíràn kì í sì í gba oògùn náà, pàápàá àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa.

ỌLÁ ÀTI ỌJỌ́ ALẸ́ RẸ̀

Lọ́dún 1900 Röntgen lọ sí yunifásítì Munich. Lọ́dún 1901 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn náà láyé. Ó fi owó rẹ̀ ta yunifásítì Würzburg lọ́rẹ. Wọ́n fẹ́ fún un ní oyè ìdílé ọlọ́lá, ó ní òun kò fẹ́. Èyí tí ó tún ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni pé kò gba ìwé àṣẹ tí yóò jẹ́ kí òun nìkan máa jẹ èrè iṣẹ́ náà. Ó gbà pé gbogbo aráyé ni ó ni ín. Àwọn iléeṣẹ́ ṣe ẹ̀rọ X-ray tà, kò bèèrè kọ́bọ̀.

Lọ́dún 1912, ní Munich tí ó ń gbé, Max von Laue dá a lábàá pé kí wọ́n ta ìtànṣán X sí ohun dídì tí àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ tò létòlétò bí ti iyọ̀. Friedrich àti Knipping, tí àwọn méjèèjì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Röntgen fúnra rẹ̀, ni wọ́n ṣe é, àmì tóótòòtó sì tò yí ara wọn ká lórí gíláàsì fọ́tò. Àmì ìgbì tí ọ̀gá wọn wá tì ní ọdún 17 ṣáájú ni àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ rí yìí.

Ogun àgbáyé kìíní dé, ọ̀wọ́n oúnjẹ tẹ̀ lé e. Bertha ṣàìsàn pẹ́, ó sì kú lọ́dún 1919. Lẹ́yìn ogun, owó ilẹ̀ Jámánì di yẹpẹrẹ, ohun tí Röntgen kó pamọ́ sì ṣòfò dànù. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1923 ó kú ní Munich, ó jẹ́ ẹni ọdún 77. Jẹjẹrẹ inú ìfun ni ó pa á. Ẹni tí ó fi egungun han ayé, inú ẹran ara rírọ̀ ni àrùn ikú rẹ̀ wà. Ìlú Giessen ni wọ́n sin ín sí.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ LẸ́YÌN RẸ̀

Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, lọ́dún 1924, Larsson, Siegbahn àti Waller ní ilẹ̀ Suwídìnì fi prism onígíláàsì tẹ ìtànṣán X, ó sì tẹ̀. Ìtẹ̀sí náà wà lóòótọ́, ó kàn kéré ju ohun tí irinṣẹ́ Röntgen lè mú lọ ni. Nínú ẹran ara, ìyàtọ̀ tí ó ń mú wá kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan lọ.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ ro àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń yan bọ̀ ní ìlà méjì, tí ẹsẹ̀ wọn ń dún pọ̀. Ìlà kan gba orí ọ̀dà, ìlà kejì gba inú koríko. Kò sí ọmọ kankan tí ó sọ nù, iye wọn pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá tún pàdé, ẹsẹ̀ wọn kò bára mu mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì ìtànṣán X rí. X-ray àtijọ́ ń ka iye tí ó sọ nù lọ́nà. Ọ̀nà tuntun yìí ń wo bí ìṣísẹ̀ ìgbì ṣe yí padà. Nínú ẹran ara rírọ̀, ìyípadà ìṣísẹ̀ yìí lè tó ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ohun tí à ń rí gbà nínú kíka iye tí ó sọ nù.

Frits Zernike ará Họ́láńdì ni ó kọ́kọ́ lo irú ọgbọ́n yìí fún ìmọ́lẹ̀ lásán nínú ẹ̀rọ awò-ohun-kékeré, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ lọ́dún 1953. Lọ́dún 1965 Bonse àti Hart ṣe ẹ̀rọ tí ó pín ìtànṣán X sí méjì tí ó sì tún dà wọ́n pọ̀. Lọ́dún 1996 Momose àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáánì fi í ya ẹ̀dọ̀ ehoro tí ó ní jẹjẹrẹ, ibi tí àrùn wà sì yàtọ̀ sí ibi tí ó yè. Lọ́dún 2000 wọ́n ya iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀ eku, láìrọ oògùn kankan sí i. Lọ́dún 2006 Pfeiffer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Siwisálándì fi hàn pé ẹ̀rọ X-ray tí kò lágbára àrà ọ̀tọ̀ lè ṣe é, bí wọ́n bá fi àwọn asẹ́ tín-ín-rín sí ojú ọ̀nà ìtànṣán. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ọgbọ́n yìí yẹ ọyàn àwọn obìnrin wò ní ìlú Trieste ní Ítálì. Lọ́dún 2021, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé jáde, nínú èyí tí wọ́n ti ya odindi ẹ̀dọ̀fóró èèyàn tí ó ti kú, títí kan ti ẹni tí àrùn kòrónà pa, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú rẹ̀ sì hàn. Ọgbọ́n yìí kò tíì di ohun tí a ń bá pàdé nílé ìwòsàn àdúgbò, nítorí púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣì ń fẹ́ ẹ̀rọ ńláńlá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA Ọ̀DỌ́

Ẹ̀yin tí ìwé ẹ̀rí kan dènà dè lónìí, ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ Röntgen nítorí ìwé ẹ̀rí, gbòǹgbò rẹ̀ sì ni pé kò tú ọ̀rẹ́ rẹ̀ fó. Ó pẹ́ kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n ó dé ibẹ̀.

Èyí tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ jù lọ ni ti yàrá ìwádìí. Àwọn kan nínú wa, nígbà ìdánwò sáyẹ́ǹsì, a máa ń kọ iye tí ìwé sọ pé ó yẹ kí a rí, dípò èyí tí ojú wa rí. Àwọn mìíràn, bí wọ́n bá bi wọ́n ní ìbéèrè tí wọn kò mọ̀, ojú á tì wọ́n láti sọ pé àwọn kò mọ̀. Röntgen jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ó jẹ́ olórí yunifásítì, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun wá a, òun kò rí i. Bí ó bá parọ́ pé ó tẹ̀, ìbá ti ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Bí ó bá sọ pé kò sí rárá, bóyá wọn ìbá ti pa ìlẹ̀kùn náà dé. Ó fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, àwọn tí a kò tíì bí nígbà náà sì gba ibẹ̀ wọlé. Lónìí, bí ọgbọ́n yìí bá fi iṣan tí ó dí tàbí kókó kékeré hàn nínú ọyàn ìyá ẹnì kan kí ó tó pẹ́ jù, ìwà òtítọ́ ọkùnrin yìí wà lára ohun tí ó gba ẹni náà là.